Ojú Bàbá, Owó Bàbá: Àkọsílẹ̀ Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ Lọ́dọ̀ Dókítà Ojú ní Òṣogbo

Rìsíìtì tí ilé ìwòsàn ojú aládàáni kan ní Òṣogbo fún bàbá wa lọ́dún 2024 kò ju ìlà kan lọ: iṣẹ́ abẹ ojú, ₦413,500. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, wọ́n buwọ́ lù ú, ó parí. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ dá lé wa ni ₦250,000. Ẹni ọdún 74 ni bàbá nígbà náà. Iṣẹ́ rélùwéè ló ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì, owó ìfẹ̀yìntì tí PTAD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ń san fún un kò sì tó oúnjẹ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò lóṣooṣù. Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 ní kí gbogbo olùgbé Nàìjíríà wà lábẹ́ ètò náà, ṣùgbọ́n bàbá ò sí nínú ètò kankan, àpò la ti fa gbogbo rẹ̀ yọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bẹ olórí àjọ tí wọ́n ń dá kó tó rí tirẹ̀ kó ṣáájú kó tó kàn án. Èmi àti àbúrò wa dá tiwa. Bàbá fi owó tó ti ń tọ́jú fún àgbò iléyá kún un.

Owó yìí ni àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ bi mí léèrè tí ọ̀rọ̀ náà bá délẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó kọ́ ló dùn mí jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Bàbá ní ká má ṣe é, òun ló sì ni ojú.

Ojú ọ̀tún ló kọ́kọ́ ṣú. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, bàbá máa ń jókòó sídìí fèrèsé, á ṣí Kùránì rẹ̀ tó ní lẹ́tà ńláńlá. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé gílóòbù yàrá náà ti rẹ̀, pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó ní kò yàtọ̀. Kò pẹ́ tí ọmọlójú ọ̀tún náà fi funfun bí ẹni pé wọ́n kán omi ẹ̀kọ sí i. Cataract nìyẹn. Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n, nítorí ìyá bàbá náà ní irú rẹ̀ kó tó kú.

Nǹkan kejì wà tí kò hàn sójú ẹnikẹ́ni. Bútà tí màmá máa ń bu omi àlùwàlá sí, ẹ̀gbẹ́ òsì ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló máa ń wà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ gbá a. Omi á dà, á ní, "Ta ló gbé bútà síbí?" Màmá á ní ibi tó máa ń wà ló wà. Èjìká òsì rẹ̀ ń gbá òpó ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan lábẹ́ bíríjì Ọláìyá, ọ̀kadà tó ti apá òsì bọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lù ú, ọlọ́kadà náà sì bú u pé ṣé kò lójú ni. Bàbá sọ fún wa pé òun ò rí i rárá, pé ńṣe ló dà bíi pé ó wú jáde nínú ilẹ̀. Gbogbo wa rò pé ojú ọ̀tún tó ti bàjẹ́ yẹn ló fà á.

Ẹ̀gbọ́n mi ló mú un lọ sí ilé ìwòsàn náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kó ka lẹ́tà ara ògiri, ó fi ẹ̀rọ kan fẹ́ atẹ́gùn pìì sí i lójú méjèèjì, ó ní kó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ mìíràn kí wọ́n ya àwòrán inú ojú, ó kọ nǹkan sínú káàdì. Ó ní cataract ni, iṣẹ́ abẹ ni. Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ̀rọ̀ bútà fún un, ó sọ ti ọ̀kadà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dá a lóhùn pé tí wọ́n bá ti yọ cataract yẹn, gbogbo ìyẹn á lọ. Nọ́ọ̀sì tó wà níta ló sọ iye owó: ₦250,000, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, pẹ̀lú lẹ́ńsì. Pátákó kan wà lára ògiri wọn tó sọ iye kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí wa kí a lè mọ iye tí kálukú máa dá. Fọ́tò yẹn wúlò fún wa lẹ́yìnwá.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, nítorí pé ìlú mìíràn ni dókítà tó ń ṣe é ti máa ń wá. Ọjọ́ yẹn ni bàbá kọ́kọ́ fojú kàn án. Òdodo ni kí n sọ: iṣẹ́ abẹ náà dára. Dígí tí Ọlọ́run dá sínú ojú ló ti dọ̀tí, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi lẹ́ńsì oníke sí ipò rẹ̀, bàbá ò sùn, kò sì jẹ̀rora. Nígbà tí wọ́n tú bándéèjì lọ́jọ́ kejì, ó ka déètì ara kàlẹ́ńdà tó wà lókè orí nọ́ọ̀sì, ó ní "Alhamdulillah" léraléra. Màmá sunkún.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó jẹ́ kó lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé yẹn ni owó ti di ₦413,500. Obìnrin tó wà nídìí owó ní àwọn àyẹ̀wò wà níbẹ̀, àwọn ohun èlò wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bèèrè pé kí wọ́n kọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kì í tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Bándéèjì wà lójú bàbá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń béèrè pé ṣé kò sí wàhálà. Ta ló máa bá wọn jà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀? A fi POS san ìyókù. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ owó tí àwọn àgbà ń san ju bó ṣe yẹ lọ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn ní irú àkókò yìí gan-an, nígbà tí iṣẹ́ ti parí, tí ọkàn kálukú ò sí lórí ìṣirò.

Oṣù díẹ̀ kọjá. Bàbá gba awò tuntun, ó padà sídìí Kùránì rẹ̀. Bútà ò kúrò ní dídànù. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́ jáde lọ́jọ́ kan tí gbogbo wa wà nílé: "Mò ń rí ọ̀ọ́kán dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ ni mi ò rí." Ẹ̀gbọ́n mi tún mú un padà lọ. Wọ́n dúró títí dókítà oníṣẹ́ abẹ fi wá lọ́jọ́ tirẹ̀. Ó tan iná sí ojú ọ̀tún, ó ní iṣẹ́ òun dára. Kò wo ojú òsì. Bàbá ní, "Dókítà, ẹ̀gbẹ́ ni mo ní mi ò rí." Dókítà ní, "Bàbá, ọjọ́ orí ni. Ẹ dúpẹ́ pé ẹ rí èyí tí ẹ rí." Wọ́n gba ₦10,000 fún ìpàdé náà, wọ́n sì ta oògùn ojú olómi kan fún un ní ₦6,500.

Gbólóhùn yẹn, "ọjọ́ orí ni," òun ni mi ò tíì gbàgbé. Ó bá bàbá wọnú ilé. Láti ọjọ́ náà, tó bá gbá nǹkan, kò sọ̀rọ̀ mọ́, ńṣe ló máa ń rọra tẹ̀ síwájú. Ó ti gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àwa Yorùbá a máa bọ̀wọ̀ fún dókítà, àgbà inú wa sì bọ̀wọ̀ fún un ju àwa lọ: tó bá ti sọ̀rọ̀, ó ti tán. Ọjọ́ orí kì í ṣe orúkọ àìsàn. Tí dókítà bá ní ọjọ́ orí ni, kó sọ ohun tí ọjọ́ orí náà bàjẹ́, ibi tó ti bà á jẹ́, àti bóyá ohun kan wà tó lè dá a dúró. Bí kò bá lè sọ ìwọ̀nyí, kò tíì dáhùn ìbéèrè tí wọ́n sanwó kí ó dáhùn.

Oṣù keje lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni a gbé bàbá lọ sí ẹ̀ka ojú ní ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba. Ẹni tó bá wà ní Òṣogbo ò ní láti rìn jìnnà fún irú èyí: UNIOSUN Teaching Hospital wà nínú ìlú, OAUTHC wà ní Ilé-Ifẹ̀, UCH wà ní Ìbàdàn. Wàhálà ibẹ̀ ni ìdúró. A dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, oòrùn ti ń yí kí wọ́n tó pe orúkọ bàbá. Káàdì wọn kò wọ́n, àwọn àyẹ̀wò náà kò wọ́n tó ti aládàáni, ṣùgbọ́n àgbà tí ẹ̀yìn ń dùn gbọ́dọ̀ ní ẹni tó máa gba ipò fún un kó lè lọ nà sílẹ̀ díẹ̀.

Dókítà obìnrin kan ló rí wa, kò dà bíi pé ó tíì pé ogójì ọdún. Ó ka ìwé tí a mú wá, ó gbé e sílẹ̀, ó kọjú sí bàbá. "Bàbá mi, ẹ tún ọ̀rọ̀ bútà yẹn sọ fún mi. Apá ibo ló máa ń wà?" Bàbá sọ ọ́. Ó tún bèèrè pé ṣé ẹnikẹ́ni nínú ẹbí fọ́jú rí. Bàbá ní ìyá òun, cataract ni. Dókítà ní, "Ṣé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn?" Bàbá ní rárá. Dókítà ní a ò lè mọ̀ nígbà náà bóyá cataract nìkan ni.

Wọ́n wọn ìfúnpá inú ojú: ọ̀tún 24, òsì 31. Láti 10 sí 21 ni wọ́n máa ń retí. Wọ́n kán oògùn tó ń la ọmọlójú sí i, ó wo ẹ̀yìn ojú méjèèjì pẹ́ títí. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé bàbá wọ yàrá kékeré kan tó ṣókùnkùn. Wọ́n bo ojú kan, wọ́n ní kó gbé àgbọ̀n sórí ẹ̀rọ kan tó rí rìbìtì nínú, kó tẹjú mọ́ àárín, kó tẹ bọ́tìnnì ọwọ́ rẹ̀ nígbàkúùgbà tó bá rí iná tó tàn fẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ṣe ojú kan tán, wọ́n ṣe ìkejì. Ó pẹ́, ó sì rẹ̀ ẹ́. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń gbọ́ bọ́tìnnì náà: lójú ọ̀tún, kì-kì-kì, ó ń dún dáadáa, nígbà tó kan òsì, ìdákẹ́jẹ́ gígùn máa ń wà láàárín ọ̀kan àti èkejì.

Bàbá jáde, ó ní, "Irú èyí, wọn ò ṣe é fún mi rí."

Glaucoma ni. Dókítà náà ṣàlàyé rẹ̀ fún bàbá ní Yorùbá, mo sì gbìyànjú láti kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Omi kan wà tó ń ṣàn nínú ẹyinjú, kì í ṣe omijé. Bí ibi tó ń gbà jáde bá ti dí tàbí tó há, omi náà á kóra jọ, á máa tẹ iṣan tó so ẹyinjú mọ́ ọpọlọ. Kì í dunni. Etí ìríran ló máa ń kọ́kọ́ jẹ, àárín ló ń gbẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè máa ka ìwé dáadáa kó sì máa gbá bútà. Ohun tó bá ti jẹ lọ kì í padà mọ́, kò sí oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ tó ń dá a padà. Èyí tó kù ni wọ́n lè fi oògùn pa mọ́. Ó ní nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, nǹkan bí ènìyàn 5 nínú 100 tó ti lé ní ogójì ọdún ló ní in, èyí tó ju 90 lọ nínú 100 àwọn tó ní in kò sì mọ̀. Bàbá bi í pé, "Tí wọ́n bá ti rí i lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ ńkọ́?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní wọn ì bá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn láti ọjọ́ náà.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe, èyí tí bàbá sọ pé wọn ò ṣe irú àyẹ̀wò yẹn fún òun rí ò kúrò lọ́kàn mi. Kí ni wọ́n ń pè ní "àwọn àyẹ̀wò" tí wọ́n fi gbé owó sókè nígbà náà? Mo padà sí ilé ìwòsàn aládàáni náà, mo ní kí wọ́n fún mi ní ìwé owó tó kọ ohun kọ̀ọ̀kan àti iye rẹ̀, kí wọ́n sì fún bàbá ní ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì rẹ̀. Akọ̀wé wọn ní àwọn kì í fún aláìsàn ní fáìlì, ohun ìní ọsibítù ni. Mo lọ sílé, mo kọ lẹ́tà.

Mi ò bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Mo kọ orúkọ bàbá, nọ́ńbà káàdì rẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, iye tí a san àti iye tó wà lára pátákó wọn. Mo kọ ọ́ pé ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde lóṣù keje 2018 fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ méjìlá, pé ọ̀kan nínú wọn ni kí iye owó hàn kedere, òmíràn ni kó rí àkọsílẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ gbà, òmíràn sì ni kó lè sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ jáde. Mo kọ ọ́ pé òfin ìlera ti 2014, ní abala 23, ní kí wọ́n sọ fún aláìsàn bí ara rẹ̀ ṣe rí, irú ìtọ́jú tó wà, ewu rẹ̀ àti iye rẹ̀, ní èdè tó bá gbọ́. Ìwé ìyọ̀ǹda tí bàbá fọwọ́ sí, Gẹ̀ẹ́sì ni láti òkè délẹ̀. Bàbá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n oògùn tó ń la ọmọlójú ti wà lójú rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e fún un, kò lè ka ìlà kan níbẹ̀. Ní ìparí, mo ní tí a kò bá gbọ́ èsì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, a ó kọ̀wé sí FCCPC, tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà, a ó sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ ní Abéré. Mo mú ẹ̀dà méjì lọ, mo ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí, kó má gbàgbé òǹtẹ̀ yẹn, nítorí òun ni kò ní jẹ́ kí wọ́n sọ pé àwọn ò rí lẹ́tà.

Kọ̀ǹpútà tí kì í tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ti tẹ̀ ẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì náà tó pé. Káàdì, ₦5,000. Ìpàdé dókítà, ₦10,000. Wíwọn ojú fún lẹ́ńsì, ₦15,000. CVF ojú méjèèjì, ₦25,000. OCT (àwòrán inú ojú), ₦30,000. Iṣẹ́ abẹ, ₦220,000. Lẹ́ńsì, ₦45,000. Oògùn, ₦28,500. Ohun èlò, ₦35,000. Mo rò ó pọ̀, ó pé. Mi ò mọ CVF, mo fi ránṣẹ́ sí dókítà obìnrin ìjọsí lórí WhatsApp. Ó ní àyẹ̀wò inú yàrá ṣíṣókùnkùn tí bàbá ṣe lọ́dọ̀ àwọn nìyẹn, èyí tó ń tẹ bọ́tìnnì.

Kí lẹ rò pé ó wà nínú fáìlì? Ìwé CVF kankan ò sí níbẹ̀, nítorí wọn ò ṣe é. Ṣùgbọ́n ìfúnpá ojú ọjọ́ àkọ́kọ́ wà nínú káàdì, ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ló kọ ọ́: ọ̀tún 22, òsì 30. Àwòrán OCT náà wà níbẹ̀. Wọn ò rí nǹkan gidi yà nínú ojú ọ̀tún nítorí cataract tó bò ó, ṣùgbọ́n ti ojú òsì ṣe kedere, àwọ̀ pupa tí ẹ̀rọ náà fi ń ṣèkìlọ̀ sì kún apá òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bàbá san ₦30,000 fún àyẹ̀wò tó sọ àìsàn rẹ̀, àyẹ̀wò náà ṣiṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi bébà náà sínú fáìlì, wọ́n dé e. Oṣù méje gbáko ni iṣan ojú fi ń kú lọ lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà lọ rò ó bọ̀, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni níbẹ̀ jókòó láti pa bàbá lára. Bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ náà ló bí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, optometrist ni: iṣẹ́ rẹ̀ ni kó yẹ ojú wò, kó fúnni ní awò, kó dá àìsàn mọ̀, àjọ ODORBN ló sì ń fún wọn níwèé àṣẹ. Oníṣẹ́ abẹ jẹ́ dókítà ìṣègùn tó tún lọ kọ́ nípa ojú, MDCN, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ àwọn dókítà, ló forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ kọ nọ́ńbà náà, ó rò pé dókítà á rí i. Dókítà dé lọ́jọ́ Sátidé, orúkọ àwọn tí wọ́n tò fún cataract ló bá, ó ṣe cataract. Bàbá ń pe àwọn méjèèjì ní "dókítà", ó gbà pé wọ́n ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń mú àgbà lọ sílé ìwòsàn ojú yẹ kó bèèrè níbẹ̀ pé ta ló máa ka gbogbo àbájáde yìí, kó sì jókòó sọ ọ́ fún wa?

Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn náà ní ká wá. Bàbá wọ agbádá, ó dé fìlà, ó ní òun fúnra òun máa sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí bàbá, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa."

Bàbá ní, "Mi ò bínú. Káàdì mi nìyẹn. Ẹ bá mi ka ohun tí ẹ kọ nípa ojú òsì lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

Ó kà á. "Ọgbọ̀n, sà."

"Ṣé ó dára?"

"Ó ga, sà."

"Ta ni ẹ sọ ọ́ fún?"

Ọkùnrin náà ò rí èsì kankan fọ̀. Ó wo ìwé náà, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó tún wo ìwé. Bàbá ò pariwo, kò sì tún un bèèrè. A jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́, a jà fún owó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. CVF, ₦25,000, wọ́n gbà pé ẹ̀rọ rẹ̀ ti bàjẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, pé akọ̀wé fi sí i nítorí pé ó máa ń wà nínú gbogbo bíìlì. Ó máa ń wà nínú gbogbo bíìlì! Mélòó nínú àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ fún lọ́sẹ̀ yẹn ló san án? Lẹ́ńsì, ₦45,000: a gbé fọ́tò pátákó jáde, "pẹ̀lú lẹ́ńsì" wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Wọ́n dá ₦70,000 padà sí àkáǹtì bàbá lọ́jọ́ kejì. Wọn ò gbà láti fọwọ́ kan ₦35,000 ti ohun èlò, wọ́n ní ọ̀wọ́n gógó ọjà ló fà á, a sì fi í sílẹ̀. A gba lẹ́tà tó ṣàlàyé gbogbo iṣẹ́ abẹ náà, àti ìlẹ̀mọ́ kékeré tó ní nọ́ńbà lẹ́ńsì tó wà nínú ojú bàbá. Ìyẹn ṣe kókó, nítorí dókítà èyíkéyìí tó bá tún fẹ́ ṣiṣẹ́ lójú yẹn máa bèèrè rẹ̀.

Ibi tí èmi àti bàbá ò ti fohùn ṣọ̀kan ni ti MDCN. Mo fẹ́ kọ̀wé sí wọn nípa dókítà oníṣẹ́ abẹ náà, ẹ̀gbọ́n mi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá ní ọmọ ọlọ́mọ ni, pé òun kò fẹ́ kí ọwọ́ òun wà nínú ohun tó máa ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, pé Ọlọ́run ti rí i. Mi ò fara mọ́ ọn títí di òní. Ẹni tó sọ "ọjọ́ orí ni" fún bàbá mi ń sọ ọ́ fún bàbá ẹlòmíràn ní Sátidé tó ń bọ̀, kì í sì í ṣe ìwà ìkà láti ní kí àwọn tó fún un níwèé àṣẹ bi í léèrè. Lẹ́tà náà wà nílẹ̀ tí mo ti kọ, kò ní ibuwọ́lù bàbá, mi ò sì ní fi ránṣẹ́ láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i.

Ní ti ojú fúnra rẹ̀, oògùn tí wọ́n ń kán sí i ni títí ayé. Kí dókítà obìnrin náà tó kọ ọ́, ó bèèrè bóyá bàbá ní ikọ́ fée. Ó ní in. Nítorí náà kò fún un ní timolol, èyí tí kò wọ́n, torí pé ó lè sé èémí mọ́ ẹni tó ní irú ikọ́ bẹ́ẹ̀ nínú. Latanoprost ló fún un, ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́, ó sì wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí a kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì, ìyẹn sì kó wa sí ìyọnu nítorí iná, títí a fi mọ̀ pé èyí tí a bá ti ṣí lè wà nínú yàrá tí kò móoru jù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀kan ṣoṣo la máa ń rà ní báyìí, ní ilé oògùn tó ní ìwé àṣẹ, a sì ń wo nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀. Ọwọ́ bàbá ń gbọ̀n, màmá ló ń kán an. Lákọ̀ọ́kọ́, ìkán mẹ́ta mẹ́ta ló ń kán kó lè dá a lójú pé ó wọlé, ìgò náà kì í sì í pé oṣù. Wọ́n kọ́ ọ: á fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, á kán ẹyọ kan, bàbá á pa ojú dé, á fi ìka tẹ igun ojú tó súnmọ́ imú fún ìgbà díẹ̀ kí oògùn má bàa ṣàn lọ sínú ọ̀fun. Ẹyọ kan tó. Ìgò kan ń lo oṣù kan báyìí.

Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n kẹ́yìn, ọ̀tún jẹ́ 15, òsì jẹ́ 17. Màmá ti gbé bútà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ilẹ̀kùn. Nígbà tí dókítà sọ fún wa pé àìsàn náà máa ń rìn nínú ẹbí, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ yẹ tiwa wò. Tèmi dára, wọ́n ní kí n máa wá lọ́dọọdún. Ti ẹ̀gbọ́n mi wà ní 23 lójú kan, wọ́n ní kó padà wá lóṣù mẹ́ta fún CVF. Ó ní òun máa bèèrè ìwé rẹ̀ kí òun tó kúrò níbẹ̀. Àbúrò wa tó wà ní Ìlọrin ò tíì lọ, ó ní ojú òun ò ṣe òun ní nǹkan kan. Bàbá ń pè é lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, ìbéèrè kan náà ló sì máa ń kọ́kọ́ bi í: "Ṣé o ti lọ?"